Ayàwòrán-Ilé Tí Ń Ya Ilé Ní Ìdoríkodò

Ẹ fi ojú inú wo tábìlì kan nínú ọ́fíìsì ayàwòrán-ilé ní ìlú Los Angeles, láàárín àwọn ọdún 1920. Ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan tó múra dáadáa jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan. Oníbàárà rẹ̀, tó jẹ́ aláwọ̀ funfun, jókòó sí òdìkejì. Oníbàárà ń ṣàlàyé irú ilé tó ń wù ú: àtẹ̀gùn tó gbòòrò, fèrèsé tó kọjú sí ọgbà òdòdó, gbọ̀ngàn tí àlejò yóò kọ́kọ́ bọ́ sí. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni ọkùnrin náà fa pẹ́ńsù yọ, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya ilé ọ̀hún sórí tákàdá. Àmọ́ kò yà á bí ẹni tó ń yàwòrán fún ojú ara rẹ̀. Ìdoríkodò ló ń yà á: òrùlé wà lápá ọ̀dọ̀ tirẹ̀, ìpìlẹ̀ wà lápá ọ̀dọ̀ oníbàárà. Níbi tí oníbàárà jókòó sí, ńṣe ni ilé rẹ̀ ń hù jáde níwájú rẹ̀ lóòró gangan, láìṣe pé ó dìde láti lọ wò ó.

Paul Revere Williams ni orúkọ ọkùnrin náà. Ìdí tó fi kọ́ irú ìyàwòrán yìí kò fara sin, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́. Ó mọ̀ pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ òun ni ara wọn kò ní balẹ̀ bí aláwọ̀ dúdú bá jókòó tì wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí wọ́n jọ tẹjú mọ́ ìwé kan ṣoṣo. Bí òun kò bá lè bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ wọn, òun yóò gbé ilé náà lọ bá wọn níbi tí wọ́n wà.

Àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ wa fẹ́ràn ìtàn yìí láti máa pín kiri lórí ayélujára. Wọ́n á kọ ọ́ ní gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta, wọ́n á fi fọ́tò ọkùnrin náà sí i, wọ́n á wá fi ìmọ̀ràn dé e lórí pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe jẹ́ kí ohunkóhun dá òun dúró. N kò bá wọn jà, ṣùgbọ́n lójú tèmi, wọ́n yára dìde kúrò nídìí tábìlì yẹn jù. Iṣẹ́ tí ọwọ́ Williams ṣe lẹ́wà. Ohun tó sọ ọ́ di dandan fún un kò lẹ́wà rárá. Bí a bá sì fẹ́ mọ ohun tó ná an, àfi kí á tẹ̀lé e kúrò ní ọ́fíìsì, kí á bá a délé.

Ọjọ́ 18, oṣù Kejì, ọdún 1894 ni wọ́n bí i ní Los Angeles. Àwọn òbí rẹ̀ ti ìlú Memphis, ní ìpínlẹ̀ Tennessee, kó wá síbẹ̀ ni. Ikọ́ fée ló pa bàbá rẹ̀, ikọ́ fée kan náà ló pa ìyá rẹ̀. Kí Paul tó pé ọmọ ọdún 5, ó ti di ọmọ òrukàn, wọ́n sì pín òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin sí ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Orí bá a ṣe é, obìnrin tó gbà á tọ́ kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó sì tètè rí i pé ọmọ náà mọ àwòrán yà.

Ní ilé ẹ̀kọ́ girama, ó sọ fún olùkọ́ rẹ̀ kan pé iṣẹ́ ayàwòrán-ilé ni òun fẹ́ ṣe. Ẹnu ya olùkọ́ náà. Ó ní ta ni ó ti gbọ́ irú rẹ̀ rí, aláwọ̀ dúdú tí ń yàwòrán ilé? Àwọn aláwọ̀ funfun kò ní gbé iṣẹ́ fún un, àwọn èèyàn tirẹ̀ kò sì lówó tí wọn yóò fi kọ́ ilé tó nílò ayàwòrán. Ohun tó máa ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ìṣirò olùkọ́ ọ̀hún kò fi bẹ́ẹ̀ burú. Ohun tó wà nílẹ̀ ló kà. Ó kàn jẹ́ pé kò ka ọmọ tó dúró níwájú rẹ̀ mọ́ ọn.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan náà, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Williams lu irin náà fún ọdún mẹ́wàá. Ó lọ kọ́ ìyàwòrán ilé ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ayàwòrán tó wà ní Los Angeles, lẹ́yìn náà ló kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Yunifásítì Southern California láti 1916 sí 1919. Ó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá oríṣiríṣi: ẹnì kan mọ ètò ọgbà àti àyíká, ẹlòmíràn mọ ilé àwọn ọlọ́rọ̀, ẹ̀kẹta mọ àwọn ilé ńlá ti gbogbo ìlú. Èyí tó bá kù díẹ̀ káàtó nínú ìmọ̀ rẹ̀, ibẹ̀ ló máa ń wá iṣẹ́ lọ. Láàárín èyí ló gbé Della Givens níyàwó ní ọdún 1917. Ní 1921, ìjọba ìpínlẹ̀ California fún un ní ìwé àṣẹ. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó ṣí ọ́fíìsì tirẹ̀. Ní 1923, ó di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó wọ ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán-ilé Amẹ́ríkà.

Ọ́fíìsì ti ṣí, ó kù kí oníbàárà wọlé kí ó sì dúró. Àwọn mìíràn á ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ láìmọ àwọ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá ti dé ẹnu ọ̀nà tí wọ́n rí i, ojú wọn á yí padà, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà àbájáde. Williams kì í bẹ̀ wọ́n. Ohun tó máa ń ṣe ni pé yóò rọra béèrè iye tí wọ́n fẹ́ ná lórí ilé wọn. Bí wọ́n bá ti dárúkọ owó, yóò ní ó mà ṣe o, òun kì í sábà gba iṣẹ́ tó kéré tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí ẹsẹ̀ yín ti débí, ẹ jẹ́ kí n fún yín ní ìmọ̀ràn díẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti bá ìyá yín lọ sí ọjà aṣọ rí á mọ ọgbọ́n yìí. Ẹni tó ti ń wẹ̀yìn á wá padà jókòó. Pẹ́ńsù á jáde, ilé á bẹ̀rẹ̀ sí í hù lórí tákàdá ní ìdoríkodò, kí ó tó pẹ́, oníbàárà ni yóò máa bẹ ayàwòrán.

Bó bá dé ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé, ọwọ́ ẹ̀yìn ló máa ń kó sí bó ṣe ń rìn kiri. Láàárín àwa Yorùbá, ọ̀dọ́ tó kó ọwọ́ sẹ́yìn níwájú àgbà ń fi ẹ̀kọ́ ilé hàn ni. Ti Williams yàtọ̀. Kò fẹ́ kí ó di pé òun na ọwọ́ sí ẹnì kan láti bọ̀ ọ́, kí onítọ̀hún má gbà á. Nítorí náà, ó fi sílẹ̀ fún oníbàárà láti kọ́kọ́ na tirẹ̀. Bí oníbàárà bá nà án, wọ́n á bọwọ́. Bí kò bá nà án, kò sí ẹni tí ojú yóò tì. Gbogbo ìyẹn ni ó gbọ́dọ̀ ti rò kí ó tó débi iye bíríkì.

Ìtàn kan wà tí wọ́n máa ń sọ mọ́ ti ìdoríkodò yẹn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, ọlọ́rọ̀ kan tó ń ṣe ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, E. L. Cord, ń wá ẹni tí yóò ya ilé ńlá fún un ní Beverly Hills. Ó ti bá àwọn ayàwòrán mìíràn sọ̀rọ̀, ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ni wọ́n ń tọrọ. Williams ní tòun yóò délẹ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Ohun tí kò sọ ni pé òun kò ní fojú kan oorun. Wákàtí 22 ló fi jókòó ti iṣẹ́ náà, ó sì gba iṣẹ́ ọ̀hún. Bí àwọn èèyàn bá ń yin ìyára rẹ̀, èmi a máa rántí àwọn ayàwòrán yòókù. Wọ́n lè tọrọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí wọ́n sì lọ sùn, kò sí ẹni tí yóò tìtorí ìyẹn sọ pé irú wọn kò mọṣẹ́.

Kò pẹ́ tí òkìkí rẹ̀ fi kàn láàárín àwọn òṣèré sinimá àti àwọn olówó Los Angeles. Ilé tó yà fún àwọn èèyàn láti máa gbé lé ní 2,000. Kò ní ìlànà kan ṣoṣo tó rọ̀ mọ́. Bí o bá fẹ́ ilé bíi ti àwọn ará Sípéènì, tó ní òrùlé pupa àti ògiri ẹfun, yóò yà á. Bí ó bá jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ lo fẹ́, tàbí ti ìgbàlódé tó jẹ́ gíláàsì lápá kan, yóò yà á. Àwọn onímọ̀ kan máa ń fi èyí bù ú kù, wọ́n ní ayàwòrán ńlá gbọ́dọ̀ ní ohùn tirẹ̀ tí kò jọ ti ẹlòmíràn. N kò gbà pẹ̀lú wọn. Àtẹ̀gùn rẹ̀ tó máa ń yí bíi ìgbà tí aṣọ bá wọ́ sílẹ̀, yàrá rẹ̀ tí kì í tóbi ju ohun tí ara èèyàn ń fẹ́ lọ, ohùn ni ìyẹn náà, ó kàn jẹ́ pé kì í pariwo. Bí ẹ bá sì ti rí àwòrán òtẹ́ẹ̀lì Beverly Hills rí, orúkọ òtẹ́ẹ̀lì náà tí wọ́n kọ sára ògiri bí ìgbà tí èèyàn fi ọwọ́ kọ lẹ́tà, ìkọ̀wé Williams ni.

Frank Sinatra wà lára àwọn tó yà ilé fún. Bẹ́ẹ̀ náà ni Lucille Ball àti ọkọ rẹ̀ Desi Arnaz, tí ó ya ilé fún ní Palm Springs láàárín àwọn ọdún 1950. Ọmọ Cuba ni Desi Arnaz, orin tó sì sọ ọ́ di ìlúmọ̀ọ́ká ni Babalú. Ọbalúayé wa ni wọ́n ń kígbe orúkọ rẹ̀ nínú orin náà, àmọ́ n kò rò pé púpọ̀ nínú àwọn tó ń jó sí i ní Amẹ́ríkà nígbà náà mọ ẹni tí wọ́n ń pè.

Ẹ wá jẹ́ kí á bá a lọ sílé báyìí.

Ní àsìkò yẹn, ìwé ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń gbé òfin ẹlẹ́yàmẹ̀yà ní ọ̀pọ̀ àdúgbò Los Angeles. Ẹni tó bá ra ilẹ̀ ti fọwọ́ sí i pé òun kò ní tà á fún ẹni tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun, òun kò sì ní fi háyà fún un. Irú àwọn ìwé bẹ́ẹ̀ sábà máa ń yọ ìránṣẹ́ sọ́tọ̀: aláwọ̀ dúdú lè sùn nínú ilé náà bó bá jẹ́ pé òun ló ń dáná tàbí tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, ní àdúgbò tí Williams ti ń yàwòrán ilé, ẹni tí ń fọ abọ́ lè sùn mọ́jú, ṣùgbọ́n ẹni tó ya ilé náà kò lè ra èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Òun náà kò dákẹ́ lórí rẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 1937, ó kọ àròkọ kan sínú ìwé ìròyìn The American Magazine, tó pe àkọlé rẹ̀ ní Aláwọ̀ Dúdú Ni Mí. Nínú rẹ̀, ó sọ nípa ọjọ́ kan tó ya ilé ńlá kan tí wọn yóò kọ́ sí ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò tó rẹwà jù lọ lágbàáyé. Ó ti ń wù ú rí láti gbé ní irú ibẹ̀, ó sì lówó tó lè fi kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ ṣú tí ó sì kúrò ní ọ́fíìsì, ilé kékeré tirẹ̀ ní àdúgbò tí kò wu ẹnikẹ́ni ló padà sí, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n gbà pé kí aláwọ̀ dúdú máa gbé. Della wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọbìnrin wọn méjèèjì. Kò sunkún nínú àròkọ náà, kò sì ṣépè. Ó ròyìn rẹ̀ bí ẹni ń ka iye fèrèsé. Èmi kò lè kà á tán láì gbé e sílẹ̀ díẹ̀ kí n tó tẹ̀síwájú.

Àwọn kan máa ń bínú sí i. Wọ́n ní kí ló dé tó fi ẹ̀bùn rẹ̀ tún ilé ṣe fún àwọn tí kò jẹ́ kí ó bá wọn gbé àdúgbò, kí ló dé tó kó ọwọ́ sẹ́yìn dípò kí ó na ìka sí wọn? Ó yé mi. Bí mo bá ti ń ka ìtàn ọwọ́ ẹ̀yìn yẹn, èmi náà a máa fẹ́ kí ó sọ ọ̀rọ̀ líle kan, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń bínú báyìí kì í sábà wo gbogbo ohun tó wà lórí tábìlì rẹ̀. Ní 1926, kí ó tó di pé gbogbo ayé mọ̀ ọ́n, ó ya ilé YMCA ti òpópónà 28th Street fún àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú, ó ní yàrá tí wọ́n lè sùn sí àti omi tí wọ́n lè lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Wọ́n gbẹ́ ojú Frederick Douglass àti Booker T. Washington sí ara ògiri rẹ̀ níta, kí ọmọ tó bá ń wọlé lè kọ́kọ́ rí wọn. Ilé ìjọsìn Second Baptist tí àwọn aláwọ̀ dúdú ń lò, òun ló yà á. Ní Washington, D.C., òun àti Hilyard Robinson, aláwọ̀ dúdú bíi tirẹ̀, ni wọ́n jọ ya Langston Terrace tí wọ́n ṣí ní 1938, ilé ìjọba fún ìdílé 274 tí owó tó ń wọlé fún wọn kò tó nǹkan. Ó tún ṣiṣẹ́ lórí irú rẹ̀ ní Los Angeles, ìyẹn Pueblo del Rio.

Ní 1949, ilé-iṣẹ́ adójútòfò Golden State Mutual, tí àwọn aláwọ̀ dúdú dá sílẹ̀ nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ yòókù ń kọ̀ wọ́n, ṣí olú-iṣẹ́ tuntun tí Williams yà fún wọn. Nínú gbọ̀ngàn rẹ̀, àwọn ayàwòrán Charles Alston àti Hale Woodruff ya ìtàn aláwọ̀ dúdú ní California sára ògiri. Lójú tèmi, èyí ló dáhùn olùkọ́ tó sọ pé àwọn èèyàn rẹ̀ kò lówó tí wọn yóò fi kọ́lé.

Ó tún kọ ìwé méjì, ní 1945 àti 1946, lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, tó kún fún àwòrán ilé kéékèèké. Tọkọtaya tí kò lówó lọ́wọ́ púpọ̀, ọmọ ogun tó ń bọ̀ wá sílé láti dá ìdílé sílẹ̀, irú wọn ló ní lọ́kàn. Ó dá mi lójú pé púpọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń kà á yìí, tí ẹ ń gbé yàrá kan pẹ̀lú ìkòkò, ibùsùn àti kọ̀ǹpútà, á fẹ́ràn láti bá ọkùnrin náà jókòó fún wákàtí kan.

Ní 1948, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ Shelley àti Kraemer. Wọ́n ní ilé ẹjọ́ kankan kò gbọ́dọ̀ fi agbára ìjọba gbe irú àdéhùn ilẹ̀ yẹn lẹ́yìn mọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, Williams ya ilé kan fún Della àti ara rẹ̀ ní Lafayette Square. Ó ti ń sún mọ́ ọmọ 60 ọdún. Nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ló ti fi ń ya ilé ńlá fún ẹlòmíràn kí ó tó ya irú rẹ̀ fún aya rẹ̀.

Ó kù iṣẹ́ kan tí n kò fẹ́ fò. Òṣèré kan tí ń jẹ́ Danny Thomas fẹ́ dá ilé ìwòsàn ọmọdé sílẹ̀ fún àrùn jẹjẹrẹ àti àwọn àìsàn tó le, níbi tí wọn kò ní lé ọmọ kankan padà nítorí owó tàbí àwọ̀. Williams ya ilé ìwòsàn náà, St. Jude, ní ìrísí ìràwọ̀, kò sì gba owó iṣẹ́. Memphis ni wọ́n kọ́ ọ sí, wọ́n ṣí i ní 1962. Láti Memphis yẹn náà ni àwọn òbí rẹ̀ tí ikọ́ fée pa ti wá. Ní ìhà gúúsù Amẹ́ríkà ìgbà yẹn, àwọn ilé ìwòsàn ṣì ń ya àwọn aláìsàn sọ́tọ̀ nítorí àwọ̀, ní St. Jude, wọ́n ń tọ́jú gbogbo ọmọ pọ̀.

Williams fẹ̀yìn tì ní 1973, ó sì kú ní oṣù Kíní ọdún 1980. Ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán-ilé Amẹ́ríkà fún un ní àmì ẹ̀yẹ wúrà, èyí tó ga jù lọ lọ́wọ́ wọn, ní 2017. Ọdún 37 lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ìyẹn, kò sì tíì sí aláwọ̀ dúdú kankan tó gbà á ṣáájú rẹ̀.

Ní ti àwọn ìwé rẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn gbà fún ọdún pípẹ́ pé wọ́n ti jóná. Ní 1992, nígbà tí rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Los Angeles lẹ́yìn tí ilé ẹjọ́ dá àwọn ọlọ́pàá tó lu Rodney King sílẹ̀, iná jó báǹkì tí àwọn ìwé iṣẹ́ rẹ̀ kan wà. Èyí tó wà níbẹ̀ jóná lóòótọ́. Àmọ́ àwọn àwòrán kò sí níbẹ̀. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin, Karen Hudson, tó ti ń kọ ìwé nípa bàbá àgbà rẹ̀ láti àwọn ọdún 1990, ló ń tọ́jú wọn. Ní 2020, ilé ìwádìí Getty àti Yunifásítì Southern California gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀: pílánù ilé bí 35,000, àti nǹkan bí 10,000 àwòrán tí wọ́n fi ọwọ́ yà.